Ìyá Oníwèé Méjì

Ìwé ẹ̀dọ̀ ni dókítà oníṣẹ́ abẹ náà wá yá ní ilé ìkàwé ìṣègùn. Olùtọ́jú ilé ìkàwé lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì gbé ìwé ìtàn kan lé e lórí.

"Mà, ẹyọ kan ni mo bèèrè."

"Méjì là ń yá níbí, dókítà. Ẹ̀dọ̀ wà nínú tìsàlẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀dọ̀ wà nínú tòkè."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Oníwèé Méjì nìyẹn. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ìwé egungun tàbí ti ẹ̀jẹ̀ tí kò lè dijú mú. Ṣùgbọ́n pẹpẹ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ààyò rẹ̀: ìtàn, ewì, àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ṣàìsàn rí. Ó ní dókítà tí kò bá mọ ìtàn gbọ́, kò lè mọ ibi tó ń dun aláìsàn.

Lọ́sẹ̀ kejì, dókítà dá ìwé méjèèjì padà.

"Kí ló lé ìyàwó ọdẹ inú ìwé ìtàn yẹn kúrò nílé?" ni ìyá bi í.

Dókítà ń wo òkè àjà.

"Ẹ ò kà á. Ẹ gbé e padà."

"Mà, ọ̀gá ni mí nílé ìwòsàn yìí!"

"Nídìí tábìlì iṣẹ́ abẹ ni. Nídìí tèmi, kíláàsì kìíní lẹ ṣì wà."

Dókítà fi ìbínú kà á dé ojú ìwé ogún. Láti ibẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ ní láti já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹun.

Ọ̀rọ̀ wá le nígbà tí ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kọ lẹ́tà pé kí wọ́n da ìwé ìtàn nù, kọ̀ǹpútà ni yóò gba àyè wọn. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún sí i. Gbogbo ayé rò pé ìyá ti gba kámú.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá àgbà dé. Pẹpẹ ṣófo.

"Ẹ ti dà wọ́n nù? Ẹ ṣé o."

"Rárá o, sà. Wọ́n lọ síbi iṣẹ́ ni, àwọn dókítà ti yá wọn lọ sí wọ́ọ̀dù. Òfin wa ní a kì í da ìwé tí wọ́n yá nù. Ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú."

Ọ̀gá àgbà fìbínú gba wọ́ọ̀dù lọ láti kó wọn. Ó bá dókítà oníṣẹ́ abẹ lórí àpótí, ó ń kàwé fún bàbá arúgbó kan tó ti kọ oògùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá ti mu oògùn, ife ti ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?" ni ọ̀gá àgbà fi bọnu.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá dáhùn. "Kó panu mọ́ jàre! Olè ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá àgbà fara ti ògiri, ó ń gbọ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi mú olè inú ìtàn náà. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà mìíràn dé: kí pẹpẹ máa wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ìyá dùbúlẹ̀ àìsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé iṣẹ́ abẹ kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Láyé àtijọ́, ì bá kọ ọ̀rọ̀ sínú fáìlì, kó máa lọ. Ó fa àga, ó jókòó.

"Mà, ibo ni wọ́n ti bí yín?"

Ìyá wò ó. "Ọdún mọ́kàndínlógún la ti mọra. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí."

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò tètè mọ̀wé ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì pe dókítà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kó dúró ná. Ìyá sọ ọ́ dé ọjọ́ tí dókítà wá yá ìwé ẹ̀dọ̀, oorun sì gbé e lọ. Kò rí ọjọ́ mìíràn parí rẹ̀.

Bí dókítà bá ń sọ ìtàn náà lónìí, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí. Ó ní ìyókù, òun fojú ara òun rí i.