Àfọwọ́fà

Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò sí mọ́. Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á ní "Yéè!", wọn á sì bi mí pé ṣé ọkọ̀ ló kọlù ú ni àbí ọ̀kadà. Kì í ṣe ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀kadà. Ìkíni ni. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́ kó yé yín, torí inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bí inú bá sì ń bí mi, ẹnu mi kì í gbébì kan.

Ilé búrẹ́dì kan ní Àkúrẹ́ ni àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀, kó tó wá pè mí láti Oǹdó nígbà tí ọjà mi dẹnu kọlẹ̀. Èmi wà níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì, òun wà nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ ìyẹ̀fun. Irin roboto gígùn méjì ni ẹ̀rọ yẹn, ọ̀kan lórí ìkejì, tí wọ́n ń yí sínú ara wọn. Ẹ óò ki ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò sáàárín wọn, yóò gba òdìkejì jáde ní pẹlẹbẹ, ẹ óò ká a, ẹ óò tún kì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dán. Ọwọ́ lásán lẹ fi ń kì í. Irin ò sì mọ èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe ọmọ èèyàn.

Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, àfi bíi pé ọkùnrin gíga ló ní lọ́kàn. Àbúrò mi ò ga. Kéréètì mínírà tó ṣófo ni wọ́n dojú rẹ̀ dé fún un, orí rẹ̀ ló ń dúró sí látàárọ̀ dalẹ́. Súwíìṣì tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ wà lára ògiri lọ́ọ̀ọ́kán, kó nà títí, ọwọ́ rẹ̀ ò lè débẹ̀. Ẹ̀yìn ló sì kọ sí ẹnu ọ̀nà. Bá a bá délé, èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná jó ìbàdí fún un, á máa kérora, á sì máa bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ń dà mí láàmú.

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Tíṣà ni ìyá wa ní Oǹdó kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi ìkíni ṣeré. Tí àgbà bá kí ọ, tí o dá a lóhùn láìyíjú sí i, tí o ò kúnlẹ̀, pàṣán ti délẹ̀ nìyẹn. Èmi jẹ pàṣán yó. Àbúrò mi ò jẹ ẹyọ kan, torí orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Òun ni gbogbo àdúgbò fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn, èmi ni aláfojúdi. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aláfojúdi ṣì ní ọwọ́ méjì lónìí, ọmọlúàbí ò ní. Ẹ bá mi gbé ìyẹn yẹ̀ wò.

Ìgbà kan wà tí irin náà ti kọ́kọ́ já èékánná rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn lẹ̀rù ti ń bà mí pé ẹ̀rọ yìí ò ní í fi ọwọ́ ọmọ yìí sílẹ̀ fún un. Mo tọ máníjà lọ.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yí ẹ̀rọ yìí padà kó lè máa kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí i látẹ̀yìn, gbogbo ìgbà ló sì ń yíjú."

Ó ní wáyà ò ní dé ibẹ̀.

"Ṣé a ò lè fa wáyà míì ni?"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ànńtí, ẹ̀yin náà ti wá di ẹnjiníà nídìí ọ̀rá búrẹ́dì?" Ó ní kí n sọ fún àbúrò mi kó máa fara balẹ̀. Kó fara balẹ̀! Lórí kéréètì!

Ìyá ẹni tó ni ilé búrẹ́dì náà máa ń ti Ìta-Ògbólú wá wò wá. Màmá dáadáa ni, n ò ní í purọ́ mọ́ ọn. Kì í kọjá lára ẹnikẹ́ni láìkí i, ìbáà ṣe ẹni tó ń gbálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Uṣẹ́ ni àwọn ará ọ̀hún ń pe iṣẹ́, àbúrò mi sì fẹ́ràn kó máa sín in jẹ nílé. Àgbà ló ṣáájú kí i yìí, ojú tì í. Ó yíjú, ó fẹ́ kúnlẹ̀ lórí kéréètì níbẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kéréètì bá yẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì wà lórí ìyẹ̀fun.

N ò ní í sọ bó ṣe ké. Èmi ni mo sáré lọ pa súwíìṣì lára ògiri. Ẹ̀rọ dúró, àmọ́ kò tu ọwọ́ sílẹ̀, torí irin yẹn kì í yí padà sẹ́yìn, àfi ìgbà tí wọ́n fi sípánà tú u. Màmá náà ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìyẹ̀fun, ó gbá orí mú, ó ń wí pé, "Èmi ni mo kí i o, èmi ni mo kí i." Ta ni kí n bínú sí níbẹ̀?

Nílé ìwòsàn, wọ́n gé e láti ọrùn ọwọ́. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ń ṣe "Ẹ kú ewu", wọ́n ń ṣe "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Mo fara dà á fún ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tí ẹlòmíì tún wí bẹ́ẹ̀, mo ní kó wá bá mi gbé aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì yìí sókè, kó wo agbè tí ò fọ́. Wọ́n ní ìbànújẹ́ ló ń dà mí láàmú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbànújẹ́ ni, kí ni kó jẹ́?

Máníjà náà wá, ó ra ọsàn wá. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, ó ń bá àwọn ará ilé wa sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ká sòótọ́, àfọwọ́fà ni. Ta ló ní kó yíjú kúrò lójú iṣẹ́?"

Mo gbọ́ ọ. Àfọwọ́fà! Wàhálà tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà lẹ́sẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọmọ tí ẹ̀rọ fa ọwọ́ rẹ̀ wọlé, òun ló ń wí bẹ́ẹ̀ sí, lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tó dùbúlẹ̀ sí. Mo dìde sí i. Mo ní, "Ọ̀gá, wáyà la ní kẹ́ ẹ fà, ẹ ò fà á." Mo ṣì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu nígbà tí àbúrò mi sọ̀rọ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń sùn lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́ wọn. Ẹ bá mi kí wọn pé wọ́n ṣeun." Mo sì kí i. Kí ni n bá ṣe?

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, wọ́n ti lẹ páálí mọ́ ògiri: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò sì gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ní Àkúrẹ́ ńbí? Òfin náà ò pẹ́ tó fi kú. Máníjà fúnra rẹ̀ ló pa á. Ó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tí wọ́n gbà sípò àbúrò mi ò wo ojú rẹ̀, ló bá fajú ro, ó ní ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Látọjọ́ náà ni ọkùnrin yẹn ti ń yíjú. Wáyà ò tíì dé ibẹ̀ títí di bí mo ṣe ń wí yìí, búrẹ́dì sì ń lọ sí Ìjàpọ̀ àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ bó ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, n ò lè fi í sílẹ̀, torí èmi nìkan ló kù tó ń wá oúnjẹ èmi, àbúrò mi àti ìyá wa.

Àbúrò mi ti padà sọ́dọ̀ ìyá wa ní Oǹdó. Mo máa ń lọ wò wọ́n lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ìyá wa kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ló bi mí nínú ilé ìdáná pé, "Ṣé kí n má kọ́ yín ni?" Mo ti fi gbogbo ayé mi bá obìnrin yìí jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ìkíni, ọjọ́ tó fún mi láyè láti borí, mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ohun tó wá ń pa mí nìyí. Òsì nìkan ni àbúrò mi ní báyìí, ẹnì kan kì í sì í fi ọwọ́ òsì nawọ́ nǹkan sí àgbà. Gbogbo nǹkan tó bá fẹ́ gbé fún èèyàn ló ń tọrọ àforíjì lé lórí. Ó gbé oúnjẹ fún ìyá wa: "Ẹ má bínú, mà, òsì ni." Ó gba àpò lọ́wọ́ mi: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi, òsì ni." Mo jágbe mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, "Ta ni ò mọ̀? Ta ni ò rí i? Má bẹ̀ mí mọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!" Ó lọ bu omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó na ife náà sí mi, kò sì wí nǹkan kan. Ó kàn gbé ibi tí wọ́n ti gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ ife náà, kí ọwọ́ méjèèjì lè wà níbẹ̀.