Káàdì Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Ìyá Mi

Òórùn sítáàṣì gbígbóná ló máa ń gbé mi padà sí Ayétòrò. Kì í ṣe ti aṣọ o, ti bébà ni mò ń wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọdún Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, mo jókòó sẹ́yìn ilé wa, mo ń po sítáàṣì ẹ̀gẹ́ nínú agolo mílíìkì, èéfín ń yọ sí mi lójú, ewúrẹ́ àdúgbò sì ń wá ọ̀nà àtijẹ kàlẹ́ńdà ògbólógbòó tí mo fẹ́ gé. Mo lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà mi ní lẹ́tà tí mo bá kọ kì í dúró ṣinṣin, ṣe ló máa ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò. Kó wá wò mí lónìí! Ẹ bi ẹnikẹ́ni láti Ìlaró títí dé Ìpókíà, ta ló ń ṣe káàdì téèyàn á ṣí, tí ilé, igi àti ènìyàn á sì dìde dúró nínú rẹ̀? Èmi ni. Àwọn tó ka ìwé débi tó ga ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí àsìkò yẹn. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba, wọ́n ti bọ́dà pa, káàdì ọdún aláràbarà tó máa ń ti Kùtọnu wọlé kò sí lọ́jà mọ́. Mo bá dá tèmi sílẹ̀. Mò ń ṣa kàlẹ́ńdà, èèpo ìwé àwọn ọmọléèwé, àti bébà dídán tó máa ń wà nínú páálí sìgá. Télọ̀ ni Bàbá mi. Ó ní àlùmọ́gàjí ńlá kan tí kò gbọ́dọ̀ fara kan bébà, torí bébà kì í jẹ́ kó mú mọ́. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó bá fi àlùmọ́gàjí mi gé bébà, etí rẹ̀ ni màá gé tẹ̀ lé e." Nítorí náà, abẹ ni mò ń lò.

Ṣùgbọ́n mo jí ọgbọ́n rẹ̀ kọ́. Bí télọ̀ bá fẹ́ gé aṣọ, á ká a sí méjì, á gé ẹ̀gbẹ́ kan, tó bá sì tú u, ọ̀tún àti òsì á bára mu. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń ṣe bébà. Tí mo bá gé e tán, màá lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ inú káàdì, ẹ̀gbẹ́ kan sí ojú ewé ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kejì sí ti òsì. Tí ẹ bá pa káàdì náà dé, á sùn. Tí ẹ bá ṣí i, á dìde.

Ìyá mi ni mo fẹ́ ṣe ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn fún. Ọmọ Kétu ni, ní òdìkejì bọ́dà. Ara ìyá rẹ̀ ni kò yá tó fẹ́ lọ tọ́jú rẹ̀. Bàbá ní kó má lọ, pé òun ń gbọ́ fìrìfìrì pé wọ́n fẹ́ ti bọ́dà. Ìyá mi dáhùn pé, "Ṣé kí àìsàn ìyá mi wá dúró de ìjọba ni?" Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, wọn ò dágbére fún ara wọn dáadáa. Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí wọ́n fi ti í. Oṣù márùn-ún kọjá. Bàbá kì í dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tó rán apá òsì bùbá oníbùbá mọ́ ọ̀tún.

Mo bá ní kí n gé àwọn méjèèjì. Mo ká bébà, mo ya ènìyàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ sí ibi tí bébà ti ká, torí ẹ̀yìn gbòòrò, ó sì lè gbé wọn dúró. Nígbà tí mo tú u, wọ́n di méjì. Mo dé fìlà fún ọ̀kan, mo wé gèlè fún èkejì. Mo ṣí káàdì, wọ́n dìde gbọnin! Mi ò kọ nǹkan kan sí i. Kí ni mo fẹ́ kọ? Mo fi yangàn kiri àdúgbò, Bàbá nìkan ni mi ò fi hàn. Mo fi rán Bọ̀dá Sìkírù, tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra ata ní Ìmẹ̀kọ, tó sì mọ gbogbo ọ̀nà oko tó já sí Kétu.

Mo ní, "Ẹ bá mi fún Màmá mi. Ẹ sọ pé láti ilé ni o."

Lọ́jọ́ kẹrin, Bọ̀dá Sìkírù dé, kò rẹ́rìn-ín. Ó na káàdì náà sí Bàbá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ìyàwó yín ní kí n dá a padà. Wọ́n ní àwọn ti rí ẹ̀yìn yín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń kọ ebè tiwọn lóko ìyá wọn."

"Ẹ̀yìn ta ni?" Bàbá bi í.

Bọ̀dá Sìkírù ṣàlàyé. Ìyá ìyá mi ló gba káàdì náà ṣí. Obìnrin ayé àtijọ́ ni. Lójú irú wọn, owó ẹyọ méjì tí wọ́n bá so pọ̀ tó kọjú síra, ọkàn mi ń fà sí ọ ni. Èyí tó bá kọ ẹ̀yìn síra, mi ò fẹ́ rí ọ mọ́ ni. Ó wo fìlà, ó wo gèlè, ó wo ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ rẹ ti pàrokò sí ọ."

Mo ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Mo ti ń dúró de ìgbájú. Bàbá ṣí káàdì náà, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

"Ọwọ́ rẹ yá ju ojú rẹ lọ," ó wí. Ó fi ìka tọ ibi tí bébà ti ká. "Ibí lo ti ṣì í. Ẹ̀yìn lo fi so wá pọ̀."

"Tó bá jẹ́ iwájú, ẹ máa ṣubú, Bàbá. Ọwọ́ nìkan ló máa kan ara wọn."

"Kí ló wá wà níwájú èmi àti ìyá rẹ tó lè gbé wa dúró?"

Mo fi ìka kan ibi tí bébà ti ká. "Èmi ni."

Mi ò mọ̀ pé mo sọ nǹkan bàbàrà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni mò ń sọ ní tèmi. Bàbá nawọ́ sí àlùmọ́gàjí ńlá rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo ká bébà mìíràn, mo ya ìdajì ọmọ sí ibi tó ti ká. Mo ya àgbà kan tó kọjú sí i, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì fi àlùmọ́gàjí gé e. Bàbá dúró lé mi lórí.

"Imú ìyá rẹ ò gùn tó yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gé ẹ̀yin méjèèjì. Imú yín ni mo wò."

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," Bọ̀dá Sìkírù ní, "ṣé ẹ tún fẹ́ kí n gbé ìjà imú lọ sí Kétu ni?"

Nígbà tí mo tú u, ọmọ náà dúró ní odindi láàárín, bàbá àti ìyá ń wo ojú ara wọn lórí rẹ̀. Bàbá ní kí n fi kún gèlè. Ó wá sọ fún Bọ̀dá Sìkírù pé, "Fi ẹnu sọ ọ́ fún un pẹ̀lú. Sọ pé ojú ni mo kọ sí i. Ní kó máa bọ̀."

Bọ̀dá Sìkírù gbé e lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo sì fi ń wo ọ̀nà oko. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, obìnrin kan yọ lọ́nà oko, ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká bí ẹni tó ń ti oko rẹ̀ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọjá lójú àwọn sójà, wọn ò bi í ní nǹkan kan. Ó fi ọkọ́ ti ògiri.

"Ṣé ẹ ti jẹun?" ó bi Bàbá.

"Ìwọ là ń dúró dè."

Ìyá mi fà mí létí mọ́ra, ó ní, "Nígbà tí mo ṣí i, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí."

Mo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lọ báyìí. Káàdì mi ti dé ààfin, ó ti dé ilé àwọn ọlọ́lá tí mi ò lè dé ẹnu géètì wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kó tó rán iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Èmi ń bi. Kí káàdì kankan tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi, màá pe ìyàwó mi sí kọ̀rọ̀, màá ní, "Ṣí i. Kí lo rí?" Tí ohun tó rí kò bá jẹ́ ohun tó wà lọ́kàn mi, màá fà á ya, màá gé òmíràn. Ẹ má sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o. Wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń gé e.