Yìnyín Búlúù Bàbá Eilert

"Bàbá Eilert, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí yìnyín inú fọ́tò yín fi jẹ́ búlúù?"

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo béèrè bẹ́ẹ̀, nínú gbọ̀ngàn ìjọ ní Skarvøy, erékùṣù wa ní àríwá Norway, níbi àfihàn fọ́tò tí Eilert Sandvær máa ń ṣe lọ́dọọdún. Àlùfáà Halvdan gbàgbé láti gbé kọfí ẹnu rẹ̀ mì. Bàbá Eilert wo fọ́tò náà lára ògiri, ó wò mí, ó ní, "Ojú kọ̀ǹpútà yín nílé ni kò dára." A kò ní kọ̀ǹpútà nílé.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni a sin Bàbá Eilert, ìbéèrè yẹn ni àwọn ará ìlú sì fi ń ṣẹ̀fẹ̀ jù títí di òní. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹni tí mo bi í.

Òun ló ń tún fọ́tò gbogbo erékùṣù ṣe, ti ìgbéyàwó, ti ọmọ tuntun, ti ọkọ̀ ẹja. Àwọ̀ eérú ló fi kun ògiri yàrá iṣẹ́ rẹ̀, àjà rẹ̀ àti àga rẹ̀, nítorí ó ní àwọ̀ mìíràn máa ń tan ojú jẹ. Ẹ̀wù eérú mẹ́fà wà lẹ́nu ọ̀nà fún àlejò. Nígbà tí Torborg, ẹni tó ni ilé kọfí, wọ súwẹ́tà pupa wá wo fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀, Eilert na ọ̀kan sí i.

"Wọ èyí."

"Eilert, fọ́tò ni mo wá wò, n kò wá ṣe iṣẹ́ abẹ."

"Súwẹ́tà rẹ ń ràn sí ojú kọ̀ǹpútà mi. Wo bí ó ṣe sọ imú rẹ di pupa."

"Imú mi nìyẹn," ni Torborg wí, ó sì wọ ẹ̀wù náà.

Gbogbo ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn tí ojú kọ̀ǹpútà bá ti móoru fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó máa ń gbé ohun èlò kékeré kan tó dà bí alákàn lé e, kí ó lè wọn àwọ̀ rẹ̀. Bí alákàn bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àlùfáà bi í bóyá alákàn náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni. "Rárá," ni Eilert wí, "èmi ni mò ń gbọ́ ọ."

Ní ti fífi fáìlì pamọ́, ó mú ọ̀dùnkún kan àti ọ̀bẹ wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán. "Fọ́tò yín nìyí. Bí ẹ bá ṣí i, tí ẹ tún un ṣe, tí ẹ sì fi í pamọ́ lé ara rẹ̀ lórí, ẹ ti bó o." Ó bó o. "Ẹ tún ṣí i." Ó tún bó o. Ó ń bó o lọ títí ó fi kù bíi kóró ẹ̀wà. "Ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ̀dà ni kí ẹ máa yọ lẹ́nu." Ó wá gbé èyí tó kù fún àlùfáà pé kí ó fi jẹun alẹ́.

Ibi mẹ́ta ni òun fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ojúlówó sí: inú kọ̀ǹpútà, abẹ́ ibùsùn, àti inú fílásì kékeré kan tí ó fi ọ̀rá wé sínú firísà Torborg, láàárín ẹja, bí iná bá lọ jó ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Torborg ti sè é.

Lẹ́yìn tí ó pé ọgọ́rin ọdún ni fọ́tò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù. Ìyàwó tuntun dà bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú òkun. Gbogbo ìlú rí i, kò sẹ́ni tó sọ. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ojú rẹ̀ kò mọ àwọ̀ mọ́, kí ni yóò máa jí ṣe? Wọ́n gba fọ́tò, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé e kọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọn ojú kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó wọn tirẹ̀.

Oṣù kejì ọdún tó kọjá ni dókítà rí i pé ohun tó dà bíi dígí nínú ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, ìdí nìyẹn tó fi ń fi búlúù kún fọ́tò kí funfun lè funfun lójú rẹ̀. Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Eilert dúró ní èbúté, ó di ojú òsì, yìnyín funfun. Ó di ojú ọ̀tún, yìnyín pọ́n. Ó tún di òsì. Torborg tó ń kọjá lọ rò pé òun ló ń ṣẹ́jú sí, ó sì ṣẹ́jú padà.

Eilert tẹ̀lé e wọ ilé kọfí, ó sì rí fọ́tò tó wà lára ògiri.

"Torborg, ta ló ṣe èyí sí ọ?"

"Ìwọ ni."

"O dà bí òkú."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti kú nìyẹn. Jókòó, kí o mu kọfí."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Imú mi kò pọ́n níbẹ̀."

Kò mu kọfí náà. Ó lọ tilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, a sì rò pé ó ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó wá kan ilẹ̀kùn Torborg, ó ní kí ó ṣí firísà.

Igba fọ́tò ó lé mẹ́fà ló tún ṣe láti inú ojúlówó. Ó ń gbé wọn kiri láti ilé dé ilé, ó fẹ́ gba àwọn búlúù padà, ṣùgbọ́n wọn kò fún un. Wọ́n gbé tuntun kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bínú, ó ní ìtìjú òun ni wọ́n gbé kọ́ sí ògiri. Àlùfáà ní kí ó kọ́kọ́ wọ ẹ̀wù eérú kí ó tó bá òun jiyàn.

Ilé wa ló dé kẹ́yìn. Ó fi fọ́tò yìnyín náà lé mi lọ́wọ́. Mo fẹ́ sọ pé kí ó má bínú pé mo béèrè, ṣùgbọ́n àga ni mo fà fún un. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó.

"Funfun ni yìnyín yẹn, ọmọ mi," ló wí. "Ojú mi ló gbó. Gbogbo ìlú rí búlúù, wọ́n sì ń bá mi pè é ní funfun, kí n má baà dá nìkan wà."