Ìpàdé tí Alága Kò Rí Kádìí

Àǹtí mi ni igbákejì alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé wa, èmi sì ni akọ̀wé. Ẹni tí kò bá nawọ́ kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Nílé, mo máa ń nawọ́ kí n tó bu omi mu, kí n lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Láti ìgbà tí alága ti kú láàárín ìpàdé, Àǹtí kọ̀, kò jókòó sórí àga wọn. Ó ní òun ń gbọ́ tí wọ́n ń mí níbẹ̀.

"Wọn ò tíì kádìí ìpàdé yẹn," ló sọ fún mi. "Ó ṣì ń lọ lọ́wọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé kò ṣàwàdà.

Nígbà tí a tún pàdé, mo nawọ́ sí àga tó ṣófo náà. "Alága, mo dábàá pé ká kádìí ìpàdé tí ẹ bẹ̀rẹ̀."

Akápò wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti dé nìyẹn."

"Mi ò ṣeré o, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kín mi lẹ́yìn."

Wọ́n kín mi lẹ́yìn, gbogbo wa sì nawọ́. Àǹtí lu tábìlì, ó sì sọ fún àga náà pé:

"A ti kádìí ìpàdé, sà. Ẹ lè máa lọ."

Àga náà dún bíi pé ẹnì kan dìde. Àǹtí rọra jókòó sórí ẹ̀.

"Àga yìí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́," ló wí.