Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ìròyìn Ọjọ́ Sátidé

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí obìnrin yìí ti ń lọ aṣọ ní ilé ìfọṣọ kan tó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́. Oníròyìn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, kò sì bínú sí i, torí òun náà mọ̀ pé ẹnu òun kì í sinmi. Rédíò kan wà lórí pẹpẹ lókè áyọ́ọ̀nù rẹ̀ tó máa ń ké láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́, nítorí náà orin tuntun kì í jáde kó má tètè dé etí rẹ̀. Ní ti òṣèlú, ọwọ́ rẹ̀ ni aṣọ kóòtù tí àwọn olóṣèlú ń wọ̀ ń gbà kọjá. Ó ní tí òun bá ti rí bí òógùn ṣe rin ọrùn kóòtù, òun ti mọ ẹni tí ìbò ò jẹ́ kó sùn. Fíìmù ńkọ́? Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wo ìyẹn lọ́dọ̀ ìyàwó aránbàtà tí wọ́n jọ ń gbé ilé.

Gbogbo ohun tó bá kó jọ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń kó o fún. Ẹ̀gbọ́n yìí ń gbé ní òdìkejì odò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọ lù ú lọ́dún tó kọjá. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó sì gba ohùn lọ́fun rẹ̀ pátápátá. Etí rẹ̀ pé, ọpọlọ rẹ̀ jí pépé, ọ̀rọ̀ ni kò lè jáde. Ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá dọ́gbọ́n. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, tí Oníròyìn bá ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán, á jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á sì máa rò lọ. Ẹ̀gbọ́n á máa fi òrùka ọwọ́ òsì kan ẹ̀yìn fóònù: ẹ̀ẹ̀kan túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni, máa bá a lọ; ẹ̀ẹ̀mejì túmọ̀ sí rárá; ẹ̀ẹ̀mẹta túmọ̀ sí ó ti tó, o ṣé.

Ní Sátidé tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò fura sí nǹkan kan, àfi pé òdìkejì fóònù dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò dún. Ó dà bíi pé inú gbọ̀ngàn òfìfo ńlá kan ló ń sọ̀rọ̀ sí.

"Ẹ ti pa tẹlifíṣọ̀n ni?"

Kó.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ n sọ ti bàbá tó gbàgbé eyín àtọwọ́dá sápò ṣòkòtò fún yín."

Òrùka ń dáhùn ní gbogbo ibi tó yẹ kó ti dáhùn. Ó kàn ń falẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ní Sátidé kejì, ó sọ ìtàn fíìmù kan. Obìnrin kan ta ilé rẹ̀, ó kó lọ. Lẹ́yìn ọdún kan, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó rí aṣọ ara rẹ̀ lórí okùn, omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ohùn kan tó jọ tirẹ̀ gan-an sì ń pè é láti inú ilé pé kó wá jẹun. Ibẹ̀ ni Oníròyìn dá a dúró sí, bó ṣe máa ń ṣe, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa retí rẹ̀.

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Kó, kó.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní sùúrù."

Kó, kó. Kó, kó. Kó, kó. Kò dákẹ́. Ó ń yára sí i, ó ń le sí i, títí Oníròyìn fi pa fóònù. Ìkòkò omi gbígbóná wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń tutù.

Nígbà tó fi máa di Sátidé kẹta, ìjà òṣèlú ti gba gbogbo ẹnu rẹ̀. Àwọn méjì tó ń du ipò alága ìlú ti bú ara wọn lórí rédíò, débi pé olóòtú ètò fi orin bo ohùn wọn. Kò rántí fíìmù mọ́. Láti ibẹ̀ ló bọ́ sórí orin kan tí gbogbo ìlú ń kọ lọ́sẹ̀ náà. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó gbàgbé ibi tó kù, ó sì dúró.

Ẹni tó wà nínú fóònù bá gbè é. Kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìró ọ̀fun lásán ni, ó rẹlẹ̀, ó jìn, ó sì gbé orin náà dé òpin láìṣì í.

Omi bọ́ lójú Oníròyìn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ń rí ohùn."

Fóònù kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì tó gba orí afárá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ọkàn wa ò balẹ̀ rárá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ni ì bá wà? Mo gbọ́ ohùn ìyá ẹ lánàá, ìdí tí mo fi sáré wá nìyẹn."

"Ohùn màámi? Níbo?"

"Lórí fóònù wọn."

Ọmọbìnrin náà dijú, ó là á. "Àǹtí, fóònù wọn ti bọ́ sómi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọsibítù, ó yọ̀ bọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn láàárín odò. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé kí ẹ máa pe tèmi."

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí Oníròyìn kò tíì ṣí lórí fóònù rẹ̀ lé ní irinwó. Ìròyìn gbogbo ayé ló ń gbọ́, kì í ka ti ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú síléètì kékeré lórí itan. Bó ṣe rí àbúrò rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ wúruwùru pé: *Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́ ni.*

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Oníròyìn ju ẹ̀rù lọ. Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó rò ó tán, nọ́ọ̀sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò lè wọlé, Àǹtí. Ẹ máa wò ó." Ó pe nọ́ńbà náà, ó ṣí ohùn rẹ̀ síta.

Ó dún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n gbé e. Ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn òfìfo yẹn sì kún inú yàrá.

Kó.

Nọ́ọ̀sì fẹ́ẹ́ sọ fóònù nù. Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ òsì, ó gbà á, ó gbé e sétí. Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó fi òrùka kàn án, wọ́n dáhùn. Ó tún kàn án, wọ́n tún dáhùn. Ó wá gbé fóònù lélẹ̀ láìpa á, ó kọ̀wé: *Ó ń dúró de òpin fíìmù.*

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Oníròyìn bi í.

Ẹ̀gbọ́n nu síléètì, ó kọ: *Èmi náà dúró ní Sátidé mẹ́ta. Sọ ọ́ fún un.*

Ni Oníròyìn bá sọ ọ́. Ó ní obìnrin náà wọ inú ilé, ó bá oúnjẹ lórí tábìlì, ó gbóná, kò sì rí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́ tán, ó fọ abọ́, ó kó aṣọ rẹ̀ lórí okùn, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ohùn náà kò pè é mọ́.

Kó. Kó. Kó. Ó rọra dún, ìpè náà sì já.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nọ́ọ̀sì lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Akọ̀wé ibẹ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ìpè kankan kò wọ orí nọ́ńbà náà láti ọjọ́ tí fóònù ti bọ́ sómi. Nọ́ọ̀sì fi fóònù Oníròyìn hàn án, níbi tí ìpè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà gbangba, tí ọ̀kan pé ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Akọ̀wé wò ó, ó tún wò ó, ó ní ẹ̀rọ a máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Wọ́n ti nọ́ńbà náà pa, wọ́n ra òmíràn.

Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ká nọ́ọ̀sì mọ́, Oníròyìn ló sì mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú èrò bíi mẹ́wàá. Oníròyìn tẹ ẹnu mọ́ etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń rọra ròyìn ẹni tó wọlé ìbò àti bí ẹni tó fìdí rẹmi ṣe ránṣẹ́ wá gba kóòtù mẹ́fà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe dé àárín odò, níbi tí fóònù ti bọ́ sómi, ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ó fi àgbọ̀n júwe omi, ó sì ṣe àmì pé kó gbé ohùn sókè.

Oníròyìn wo omi náà. Ó dúdú, kò sì mì. Ó gbé ohùn sókè. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú yíjú padà, ó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ tó ń pariwo báyìí. Oníròyìn ń ka iye ìbò àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ.