Èmi àti Ìyá Àgbà Kò Dé Ṣóńṣó Òkè

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé Osdorfer Born, àdúgbò àwọn ilé gíga ní Hamburg nílẹ̀ Jámánì, ìkó ni ọmọ tí kò bá kí àgbà máa ń jẹ nílé wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ òru ní èbúté, àmọ́ bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó láàárọ̀, wọn kì í gbójú fo ìkúnlẹ̀ mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀ á rántí pé kíkí inú ilé kò nira, ti inú lífíìtì ni ìyọnu. Èèyàn á kí àwọn aládùúgbò, wọ́n á máa wo ògiri.

Ní ìgbà ooru kan, Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá kí wa láti Ìkìrun. Yàrá mi ni wọ́n ń sùn. Tó bá di Sátidé, wọ́n á di irun mi ní ṣùkú, kò sì ní dùn mí rárá. Ti ìyá mi máa ń fa ojú mi sókè títí di Ọjọ́rú. Mo fẹ́ràn Ìyá Àgbà gan-an.

Lífíìtì ló lé wọn padà sínú ilé. Wọ́n kí àwọn èèyàn ní Yorùbá, wọ́n tún fi “Guten Morgen”, ẹ káàárọ̀ lédè Jámánì, tí mo kọ́ wọn kí wọn, ẹnì kankan kò dá wọn lóhùn. Nígbà tó yá, wọn kò jáde mọ́. Lọ́jọ́ kan, nídìí oúnjẹ, wọ́n sọ fún bàbá mi pé, “Délé, bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì mi padà. Mo fẹ́ máa lọ. Bíi pé mo ti kú ni wọ́n ṣe ń wò mí níbí.”

 

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, bàbá mi yá mọ́tò ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan, wọ́n sì kó wa lọ sí Harz, àgbègbè olókè àti igbó kìjikìji tí àwọn ará Jámánì máa ń lọ gbatẹ́gùn sí nígbà ooru. Ìyá mi di mọ́ínmọ́ín àti dòdò sínú kúlà, wọ́n kó súwẹ́tà dání. A fi súwẹ́tà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀, tí eyín wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

A kò tíì rìn jìnnà nígbà tí a pàdé ọkùnrin arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá méjì rìn. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé, “Guten Morgen.” Ìyá Àgbà dúró.

“Ta ló ń kí?”

Bàbá mi ní, “Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Wọ́n yíjú sí ọkùnrin náà. “Ẹ kú ìrìn o. Àwọn ará ilé ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?”

Wọ́n ní kí n túmọ̀ ẹ̀. Ojú tì mí, àmọ́ mo túmọ̀ ẹ̀. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní ará ilé wà, orúnkún òun nìkan ni kò gbádùn. Ìyá Àgbà gbàdúrà fún orúnkún náà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún gbogbo ẹni tó kí wa, gbogbo èèyàn ló sì ń kíni lórí òkè yẹn. Ìdí igi kan la ti jẹ mọ́ínmọ́ín tó ti tutù, a kò dé ṣóńṣó òkè rárá. Nínú mọ́tò, wọ́n ní, “Délé, fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ ná. Èèyàn wà níbí.” Títí ọjọ́ tí wọ́n máa padà sí Ìkìrun fi pé ni wọ́n ń di irun mi.

Ìyá Àgbà ti lọ sinmi báyìí. Berlin ni mo ti ń kàwé, àdúgbò Lichtenberg níbẹ̀ ni mò ń gbé, wọ́n sì ń wo ògiri nínú lífíìtì tibẹ̀ náà. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ sí Harz. Púpọ̀ nínú àwọn igi náà ti gbẹ, kòkòrò ti jẹ wọ́n, ibi tó ṣókùnkùn tẹ́lẹ̀ ti mọ́lẹ̀ gbòò. Kíkí nìkan ni kò yí padà. Obìnrin àgbàlagbà kan kí mi, kí n tó mọ̀, mo ti ń béèrè àwọn ará ilé rẹ̀.

Ó dúró. Ó ní ọkọ òun ló máa ń bá òun wá, pé ó kú nígbà òtútù, kò sì tíì sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ òun. A jókòó sórí ìtì igi kan. Àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ títí dé ṣóńṣó, wọ́n ya fọ́tò. Èmi ò tíì débẹ̀ dòní.