Bí Mo Ṣe Sin Aunty Merle Lọ sí Grenada

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí a fi kúrò ní Riverdale, ìlú wa lẹ́bàá Atlanta. Ọkọ mi ló fi mọ́tò gbé wa dé pápákọ̀ òfurufú, èmi àti Aunty Merle, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Atlanta, tí n kò tíì ní mọ́tò, àwọn ni wọ́n máa ń yà gbé mi lọ síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Báyìí, ojú wọn ti ń lọ. Dókítà ní kò sí ohun tí yóò dá a padà. Ìyá wọn ṣì wà láyé ní Grenada, erékùṣù kékeré kan ní òkun Caribbean, Aunty Merle sì fẹ́ rí i kí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù tó tán. Wọn kò lè dá lọ. Mo ní n óò sìn wọ́n.

Miami la ti wọ ọkọ̀ òfurufú kejì. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí a balẹ̀, ooru sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà bíi ti ilé. Odidi orílẹ̀-èdè ni o, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ibẹ̀ kò tó ìdajì àwọn tó ń gbé ní Clayton County wa. Dọ́là làwọn náà ń ná, àmọ́ dọ́là Amẹ́ríkà kan ju méjì àti ààbọ̀ tiwọn lọ. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà, ọ̀nà sì tóóró, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín òkè àti òkun, débi pé ní gbogbo kọ́nà ni Winston, ìbátan Aunty Merle tó wá gbé wa, ń fun fèrè mọ́tò.

Winston ló là mí lóye ohun tí wọ́n fi ń jẹun. Ó ní àwọn àlejò tó ń wá gbafẹ́ létíkun ló ń mú owó jù wá, lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà níbẹ̀, àti owó táwọn ọmọ wọn ń fi ránṣẹ́ láti ìdálẹ̀. Ṣùgbọ́n nutmeg ni wọ́n fi ń yangàn, èso kan tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ àwọn èròjà tí a ń fi sínú ọbẹ̀ ata. Wọ́n tilẹ̀ ya á sára àsíá wọn. Ìjì líle kan wó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn igi náà nígbà kan rí, ó sì ń pẹ́ gan-an kí igi tuntun tó so. Àwọn àgbẹ̀ sunkún, wọ́n nu ojú, wọ́n tún gbìn.

Winston ní, “Ẹni tó bá gbin nutmeg, ọmọ rẹ̀ ló gbìn ín fún.”

A dúró níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó nínú oòrùn. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi ní Iléṣà, n kò sì rántí ọjọ́ tí wọ́n fi ṣokoléètì kan ẹnu. Níbí, àwọn fúnra wọn ló ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sè é mu láàárọ̀. Mo mu ife kan. Bàbá mi ni mò ń rò.

Nígbà tí a dé Gouyave, ìlú àwọn apẹja, mo kúnlẹ̀ kí ìyá Aunty Merle. Jìnnìjìnnì bo ìyá náà. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Aunty Merle ní kí n bá àwọn gbé àga ìyá síta, torí inú oòrùn nìkan ni ojú àwọn ti ń ríran díẹ̀. Wọ́n jókòó ti ìyá, wọ́n sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tirẹ̀. Wọ́n ń wò ó.

Nígbà tó pẹ́, ìyá béèrè pé, “Kí lò ń wá lójú mi?”

“N kò wá nǹkan kan, Mama. Mò ń di ẹrù mi ni.”

Ìyá tú aṣọ tó wé sórí, ó sì tẹ orí síwájú kí ọmọ rẹ̀ lè rí irun rẹ̀ tó funfun bí òwú. Mo yíjú sí ọ̀dọ̀ òkun.

Lọ́sàn-án, a jẹ oil down. Èso ńlá kan tó ń jọ iṣu lẹ́nu, tí àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ń pè ní gbèrè, ni wọ́n ń tò mọ́ ewé kókò àti ẹran oníyọ̀, wọ́n á da omi àgbọn lé e, wọ́n á sè é títí omi yóò fi gbẹ tán. Ìyá ní kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò wá jẹ, nítorí ọmọ òun dé. Ìyá ní saraka ni àwọn àgbà ń pe irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, sàráà là ń pè é nílé wa.”

Ìyá pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn máa ń sọ pé ibì kan ní Áfíríkà ni àwọn èèyàn àwọn ti wá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ibẹ̀ mọ́. N kò lè búra pé ọ̀dọ̀ wa ni. Mo kàn di ọwọ́ wọn mú.

Nígbà tí ọjọ́ àtipadà kù sí dẹ̀dẹ̀, Aunty Merle sọ fún mi pé àwọn kò ní bá mi padà mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewu rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ilé yìí, mo mọ̀ ọ́n rìn láìríran,” ni wọ́n wí. “Ojú ni mo fi ń gbé Riverdale.”

Ìyàwó Winston ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, owó ìfẹ̀yìntì wọn yóò sì tó wọn ná níbẹ̀ ju Georgia lọ. Ní pápákọ̀, wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní etí mi kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ látẹnu wọn, èmi ni mo jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́.

Mo dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ mi rọ̀ mọ́ mi. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi pe ìyá mi ní Iléṣà. Mo sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ “ọdún tó ń bọ̀ ni n óò wá” lẹ́nu ara mi tó; ní December yìí, mò ń kó àwọn ọmọ bọ̀.

Wọn kò béèrè ìdí. Wọ́n ní, “Ẹ máa bọ̀. Mo wà nílé.”